Kí Ẹ Tó Tún Náwó sí Ẹ̀rọ Orin Inú Ilé: Ìtọ́sọ́nà Láti Inú Àṣìṣe Olówó Gọbọi

Òórùn nǹkan tó ń jóná ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó mọ̀ pé ohùn tínrín ti kú nínú sípíkà ọwọ́ òsì. Ampilifáyà mi nígbà náà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà ní agbára, kò lágbára púpọ̀, mo sì ti yí i sókè títí orin fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ìṣó ha páànù. Mo rò pé sípíkà ni kò tó iṣẹ́. Mo ra twítà mìíràn, ìyẹn sípíkà kékeré orí tó ń gbé ohùn tínrín jáde, wọ́n bá mi fi sí i, mo sì dá a padà sára ampilifáyà kan náà. Kò pé oṣù kan tí mo tún gbọ́ òórùn yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo san owó ohun kan ṣoṣo, nítorí pé n kò bi ara mi léèrè ohun tó pa èyí àkọ́kọ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ àṣìṣe mi sínú ìwé kan. Nígbà tí mo kà á padà, mo rí i pé díẹ̀ ni owó tí mo fi ra ọjà burúkú; ọ̀pọ̀ owó tó ṣòfò ni mo fi ra ọjà gidi fún àìsàn tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí mo ṣe to àwọn ìgbésẹ̀ ìsàlẹ̀ yìí ni n ó ṣe tò wọ́n bí mo bá tún ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, mo sì rọ ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n pé kí ó má ṣe fo àwọn méjì àkọ́kọ́, nítorí pé àwọn ni kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ náni lówó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ibi tí àìsàn wà

Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ jókòó síbi tí ẹ máa ń jókòó sí, kí ẹ sì gbọ́ orin mẹ́ta tí ẹ mọ̀ dunjú. Ẹ kọ ohun tí kò tẹ́ yín lọ́rùn sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó. “Kò dùn tó” kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè fi ṣiṣẹ́. “Bí gìtá béèsì bá sọ̀kalẹ̀ dé ohùn kan báyìí, ó máa ń wú bo ohùn akọrin mọ́lẹ̀” ṣe é fi ṣiṣẹ́, nítorí pé ampilifáyà tó wà ní àlàáfíà kì í ṣa ohùn kan ṣoṣo wú kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀. Yàrá ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá kọ irú gbólóhùn kejì yìí ti dá owó ampilifáyà tuntun dúró sápò ara rẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé sípíkà kan dákẹ́, tàbí pé ó ń ha, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Ẹ pa ampilifáyà, ẹ yọ wáyà sípíkà méjèèjì lẹ́yìn rẹ̀, ẹ fi wáyà ọwọ́ ọ̀tún sí ojú ihò ti òsì, kí ẹ sì fi ti òsì sí ti ọ̀tún. Ẹ tàn án, ẹ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí sípíkà tó dákẹ́ tẹ́lẹ̀ bá ṣì dákẹ́, a jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ tàbí wáyà tó lọ bá a ló ní àìsàn. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá ti ṣí lọ sí sípíkà kejì, ampilifáyà tàbí ohun tó ń fún un ní orin ni kí ẹ yẹ̀ wò. Ẹ tún pa á, ẹ dá wáyà sípíkà padà sí àyè wọn, kí ẹ wá pààrọ̀ àwọn okùn tó gbé orin wọlé ní ọ̀nà kan náà. Láàárín ìdá mẹ́rin wákàtí, ẹ ó ti mọ̀ bóyá okùn kékeré kan ló já. Mo ti gbé ẹ̀rọ tó wúwo bí òkúta lọ bá oníṣẹ́ rí, mo sì sanwó àyẹ̀wò, kí a tó rí i pé okùn kan tí kò ju gígùn apá lọ ni ó bàjẹ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yàrá ṣáájú ọjà

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ohun tí a ń gbọ́ lórí ìjókòó kò ti inú sípíkà wá tààrà tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ti kọlu ògiri, àjà àti ilẹ̀ kí ó tó dé etí wa. Sípíkà tó dùn bí oyin nínú ṣọ́ọ̀bù lè wá máa rọ́ bí ìlù tó ya nínú yàrá ẹni tó rà á, láìjẹ́ pé ẹnì kan rẹ́ ẹnì kan jẹ.

Ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn béèsì, ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ohùn ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bíi mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí yàrá bá gùn ní mítà 4, ohùn tí ìgbì rẹ̀ gùn ní nǹkan bíi mítà 8, tó ń gbọ̀n ní ìgbà 43 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, yóò bá yàrá náà mu rẹ́gí. Yóò máa lọ, yóò máa bọ̀ láàárín ògiri méjèèjì. Yóò wú gan-an lẹ́bàá ògiri, yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní agbedeméjì. Ẹ wá ohùn 43 Hz (ìyẹn ìgbà 43 láàárín ìṣẹ́jú àáyá), tàbí iye tó bá bá gígùn yàrá tiyín mu, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fi sí i wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ sì rìn díẹ̀díẹ̀ láti ògiri kan dé ìkejì. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe é, ìjókòó mi fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìn pátápátá. Bí mo ti dìde tí mo gbé ìgbésẹ̀ méjì síwájú, àríwo tí mo ti ń bá jà fún ọdún kan rọlẹ̀. Mo ti pààrọ̀ ampilifáyà nítorí àríwo yẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n orí ni mo bẹ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ ṣí nǹkan kiri. Ẹ fa ìjókòó kúrò lára ògiri ẹ̀yìn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ó bọ́ sí agbedeméjì yàrá gan-an. Ibi tó tó nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún gígùn yàrá jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi tépù wọn sípíkà méjèèjì, kí àyè tó wà láàárín wọn àti èyí tó wà láti ara ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé orí yín lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ẹ gbé twítà sókè tàbí ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí ó lè wà ní déédéé etí yín bí ẹ bá jókòó. Sípíkà tó wọ kọ̀rọ̀ tí ògiri méjì ti pàdé yóò máa wú béèsì, nítorí náà ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀, ẹ máa gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi tépù bébà sàmì sí ilẹ̀ níbi tó bá ti dára jù. Ẹ fún iṣẹ́ yìí ní ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé etí tó ti rẹ̀ kì í sọ òtítọ́.

Wúfà ńlá tó ń dá dúró, ìyẹn sípíkà tó ń gbé béèsì nìkan jáde, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Orí ìjókòó yín ni kí ẹ gbé e sí, ẹ fi orin tó ní béèsì tó ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀ sí i, kí ẹ wá máa fi orúnkún rìn kiri ẹsẹ̀ ògiri, kí orí yín wà nílẹ̀ níbi tí wúfà máa ń wà. Ibi tí gbogbo ohùn béèsì bá ti dún dọ́gba létí yín jùlọ ni kí ẹ gbé wúfà lọ, kí ẹ sì padà sórí ìjókòó. Bí àwọn ará ilé bá bá yín lórí orúnkún, ẹ ṣàlàyé fún wọn. Iṣẹ́ tó yè kooro ni.

Lẹ́yìn èyí ni a tó lè sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ń gbé kọ́ sára ògiri. Fóòmù ṣóńṣó-ṣóńṣó tí kò nípọn ju sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ lọ ni mo fi bo ògiri mi látòkè délẹ̀. Ó gbé ohùn tínrín mì, orin di bí ẹni tí a da aṣọ bò lórí, ṣùgbọ́n béèsì kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ìgbì ohùn 100 Hz gùn ju mítà mẹ́ta lọ. Ohun tó tín-ín-rín báyẹn kò lè dá a dúró. Ohun tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a fi òwú òkúta tàbí òwú gíláàsì ṣe, tí a sì fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ògiri, ló máa ń ṣe nǹkan gidi. Kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó gbé e sí lára ògiri ẹ̀gbẹ́, ẹ jókòó, kí ẹnì kan sì máa fi dígí kékeré rìn lórí ògiri náà. Ibi tí ẹ bá ti rí sípíkà nínú dígí ni ohùn ti ń ta padà wá bá yín. Rọ́ọ̀gì tó nípọn níwájú sípíkà àti pákó ìwé tó kún fún ìwé lẹ́yìn ìjókòó ran èmi lọ́wọ́ ju gbogbo fóòmù yẹn lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí ohun tí etí rẹ̀ ń gbọ́ lè ra makirofóònù ìwọ̀n tí a ń fi okùn USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó sì lo REW, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ya àwòrán bí ohùn ti ń dún nínú yàrá, tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ti rà, makirofóònù yẹn ni ó tíì dá owó púpọ̀ jù dúró fún mi, nítorí pé ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwòrán tó yà ti fi hàn mí pé ohun tí mo fẹ́ rà kò ní wo ohun tó ń ṣe mí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí sípíkà àti ampilifáyà bá ara wọn mu

Wáàtì ni wọ́n máa ń fi ta ampilifáyà fún wa, wáàtì náà ló sì máa ń tàn wá jẹ. Bí a bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, 3 dB péré (dB ni ìwọ̀n bí ohùn ti pọ̀ tó) ni ohùn fi lékún, etí kò sì kà á sí púpọ̀. Kí orin tó lè dà bí ẹni pé ó pọ̀ ní ìlọ́po méjì létí, wáàtì ní láti pọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Mo kúrò lórí ampilifáyà 60 wáàtì bọ́ sórí ti 100, mo sì san owó tó dùn mí dé egungun, 2.2 dB ni gbogbo ohun tí mo rà.

Nọ́ńbà tó yẹ kí a kọ́kọ́ wá, tí wọ́n ń pè ní “sensitivity”, wà lẹ́yìn sípíkà tàbí nínú ìwé rẹ̀. Òun ló ń sọ bí ohùn yóò ti pọ̀ tó ní mítà kan sí i bí a bá fún un ní agbára kékeré tí gbogbo ènìyàn fi ń wọn sípíkà. Èyí tó bá jẹ́ 90 dB àti èyí tó bá jẹ́ 84 dB yàtọ̀ síra ju bí ó ti dà bí i lọ, nítorí pé èyí kejì yóò gba wáàtì ìlọ́po mẹ́rin kí ó tó pariwo dọ́gba pẹ̀lú èkíní. Ẹni tó ní ampilifáyà kékeré tó dára lè fi sípíkà 90 dB gbádùn ayé rẹ̀ láìná owó mìíràn.

Ó wá kan ọ̀ràn twítà mi tó jóná. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ampilifáyà tó lágbára jù ni ó ń pa sípíkà. Òótọ́ ni pé ó lè pa á, ṣùgbọ́n èyí tí kò lágbára tó, tí a sì ń fipá béèrè ohùn lọ́wọ́ rẹ̀, burú bákan náà. Bí a bá béèrè ju ohun tí iná inú rẹ̀ lè gbé, orí ìgbì ohùn yóò gé pẹrẹsẹ bí igi tí a fi ayùn gé. Ìgbì tó gé yìí ń da ohùn tínrín tí kò sí nínú orin tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń gbé ooru lọ sínú wáyà twítà, tó tín-ín-rín bí irun orí. Nígbà tí oníṣẹ́ ṣí tèmi, wáyà náà ti dúdú, ó sì ti já níbi tó ti rọ̀ jù. Ìlànà tí mo ń tẹ̀ lé báyìí kò le: bí orin bá bẹ̀rẹ̀ sí í ha, mo yí i sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ó ti wù kí ijó dùn tó.

Ẹ wo ohm pẹ̀lú, ìyẹn ìwọ̀n bí sípíkà ti ń dènà iná tó. Sípíkà 8 ohm méjì tí a so mọ́ ojú ihò kan náà ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ di 4 ohm, ampilifáyà tí a kọ sí lẹ́yìn pé kò gbọdọ̀ gba ohun tó kéré sí 6 tàbí 8 ohm yóò sì gbóná kọjá ààlà. Ooru yìí ni ó kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo gbé ampilifáyà sínú kọ́bọ́ọ̀dù onílẹ̀kùn kan nítorí ẹwà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan. Mo ti ń wo iye tí òmíràn jẹ́ kí n tó gbọ́wọ́ lé orí rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí n sì yára fà á sẹ́yìn. Bí mo ti gbé e síta, tí mo fi àyè tó gbòòrò sílẹ̀ lórí rẹ̀, kò tún pa ara rẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wáyà

N kò ní pẹ́ níbí. Wáyà bàbà tí ojú ibi tí a gé e fẹ̀ tó 2.5 mm² (bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ sára wáyà), tó gùn ní mítà 10 lọ sídìí sípíkà, kò ní ju nǹkan bíi 0.14 ohm lọ ní àlọ àti àbọ̀. Sípíkà 4 ohm kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni wáyà alumíníọ̀mù tí a fi bàbà kùn lójú, tí wọ́n ń tà bí ẹni pé bàbà pọ́ńbélé ni. Wáyà olówó gọbọi tí mo rà nígbà kan wà nínú àpótí, mo sì ń lo ti lásán.

Bí a ti ń so ó ṣe pàtàkì ju ohun tí a ń so lọ. Ẹ pa ampilifáyà kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà. Ẹ bó orí rẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan péré, ẹ lọ́ àwọn fọ́nrán rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n le, ẹ tì í bọ inú ihò, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ sì fojú wá fọ́nrán tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Fọ́nrán kan ṣoṣo, tí ojú kò tilẹ̀ rí dáadáa, ló lọ láti ihò pupa kan ihò dúdú lẹ́yìn ẹ̀rọ mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Mo gbọ́ “tá”, iná iwájú rẹ̀ kú, àwọn ẹ̀yà ara tó ń gbé ohùn jáde nínú rẹ̀ sì lọ. Ẹ rí i pé pupa bá pupa, dúdú bá dúdú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí pé bí a bá yí ẹ̀gbẹ́ kan padà, sípíkà méjèèjì yóò máa ta ko ara wọn, béèsì yóò sì ṣá.

Bí ohùn “hùùn” kan bá wà lábẹ́ orin, ẹ gbìyànjú láti ki púlọ́ọ̀gì gbogbo ẹ̀rọ náà bọ ojú iná kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa yọ okùn orin lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó ń gbé e wá. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ púlọ́ọ̀gì tó lọ sí ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní “earth”, láé kí “hùùn” lè dákẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn ló ń gba ẹ̀mí là bí iná bá jò sára páànù ẹ̀rọ.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ọjà tí ẹlòmíràn ti lò

Ọjà àlòkù ni mo fẹ́ràn jù, ibẹ̀ náà sì ni mo ti jìyà jù. Ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ náà sẹ́yìn, kí ẹ ka irú iná tó ń lò. Ti Japan jẹ́ 100 volt, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Yúróòpù sì jẹ́ 230. Púlọ́ọ̀gì tó wọ ihò kò fi hàn pé iná bá ẹ̀rọ mu. Ampilifáyà arẹwà kan tí wọ́n ṣe fún 100 volt ni mo kì bọ iná 230. Kò dún rí lọ́wọ́ mi àfi “bùù” kan ṣoṣo àti èéfín funfun láti ojú ihò orí rẹ̀. Kì í ṣe volt nìkan: ẹ̀rọ tó ń yí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, tí mọ́tò rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìgbọ̀n iná, tí wọ́n sì ṣe fún 60 Hz, yóò máa fa àwo lẹ́sẹ̀ lórí iná 50 Hz, àwo tó yẹ kí ó yí ní ìgbà 33⅓ láàárín ìṣẹ́jú kan yóò wá máa yí ní nǹkan bíi 27.8. Tiransifọ́mà kò lè tún èyí ṣe.

Lára sípíkà, ẹ ṣí aṣọ ojú rẹ̀, kí ẹ sì wo òrùka tó yí bébà wúfà ká. Bí ó bá jẹ́ ti fóòmù, ẹ fi ìka kàn án jẹ́jẹ́, nítorí pé irú rẹ̀ máa ń jẹrà lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún. Èyí tó ti bàjẹ́ yóò lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́ tàbí kí ó fọ́ bí ewé gbígbẹ. A lè pààrọ̀ rẹ̀, kò sì le, ṣùgbọ́n ẹ yọ owó iṣẹ́ náà kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Ẹ wá fi ìka mẹ́rin tẹ bébà náà wọlé déédéé, díẹ̀ ni o, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ó bá ń ha, wáyà inú rẹ̀ ti jóná tàbí ó ti yẹ̀. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan twítà ní tirẹ̀. Bí bọ́tìnnì ohùn ampilifáyà bá ń ta pàrà-pàrà bí ẹ ti ń yí i, ẹ má fòyà jù, oògùn ìfọ̀dọ̀tí lè wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣí ìdérí rẹ̀ fúnra yín bí ẹ kò bá kọ́ iṣẹ́ náà, nítorí pé iná ṣì máa ń wà nínú àwọn kapásítọ̀ ńlá inú rẹ̀, ìyẹn àwọn ẹ̀yà tó ń fi iná pamọ́, lẹ́yìn tí a ti yọ púlọ́ọ̀gì.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fún ẹni tó ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù

Ohùn tó ń ti ara abẹ́rẹ́ wá kéré jọjọ, nǹkan bíi 5 mílívólì, nígbà tí ẹ̀rọ CD lè fúnni ní 2 volt. Wọ́n sì máa ń dín béèsì kù, wọ́n máa ń gbé ohùn tínrín sókè nígbà tí wọ́n bá ń gé àwo, gẹ́gẹ́ bí ìlànà RIAA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà, tó ti wà láti ọdún 1954. Ẹ̀rọ tí a ń pè ní fónò ló ń dá a padà sípò. Ẹni tó bá ki okùn rẹ́kọ́ọ̀dù bọ ojú ihò CD yóò gbọ́ ohùn tó tín-ín-rín bí ẹ̀fọn, yóò sì rò pé ẹ̀rọ òun ti bàjẹ́.

Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré tó ń wọn ìwúwo abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ ń fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1.5 sí 2, ìwé rẹ̀ yóò sì sọ iye gan-an. Mo ń fi ojú díwọ̀n tèmi, mo sì ń mú un fúyẹ́ nítorí pé mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni n ó ṣe dáàbò bo àwo. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù kì í jókòó sójú ọ̀nà rẹ̀. Fífò ló ń fò, ó sì ń gbá ògiri ọ̀nà náà ní gbogbo ìgbà. Àwo méjì tí n kò lè rí irú wọn mọ́ ń dún ṣìì níbi ohùn òkè títí di òní.

Ìgbésẹ̀ keje: Ìfiwéra tí kò ní ojúsàájú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan dára ju òmíràn lọ, ẹ kọ́kọ́ mú ìwọ̀n ohùn wọn dọ́gba, nítorí pé èyí tó bá fi díẹ̀ pariwo ju èkejì lọ ni etí yóò pè ní èyí tó dùn. Ẹ lo mítà tí a fi ń wọn iná (volt) lórí ojú ihò sípíkà, kì í ṣe etí. Lẹ́yìn náà, kí ẹlòmíràn máa pààrọ̀ wọn láìsọ fún yín èyí tó ń dún, ní ìgbà mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ sì máa kọ ìdáhùn yín sílẹ̀. Bí mo ti ṣe é pẹ̀lú wáyà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo gbà, bí ẹni tó ń ju owó ẹyọ sókè. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí mi láàárín CD, tó ń wọn ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (44.1 kHz, 16 bit), àti fáìlì orin kan náà tó tóbi jù ú lọ. Nígbà tó kan sípíkà méjì tó yàtọ̀ síra, mo gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ìwé kékeré tí mo kọ nọ́ńbà wọ̀nyí sí ṣì wà lára ògiri níwájú tábìlì mi.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Etí

Kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ń tà á. Àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà, tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́, fi 85 dB fún wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́ ṣe ààlà, àyè náà sì ń dín kù sí ìdajì ní gbogbo ìgbà tí ohùn bá fi 3 dB lékún: wákàtí mẹ́rin ní 88, méjì ní 91, ẹyọ kan ní 94. Ẹ fi áàpù ìwọ̀n ohùn kan sórí fóònù, kí ẹ sì wo ibi tí ẹ máa ń yí i dé. Bí etí yín bá ń hó lẹ́yìn tí orin ti dákẹ́, ẹ ti kọjá ààlà.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ má tíì ta èyí tó wà nílé

Kí ẹ tó gbà pé nǹkan tuntun ti borí ti àtijọ́, ẹ fi méjèèjì sílé fún oṣù kan. Ẹ gbọ́ tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ dá ti àtijọ́ padà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ní ojú àmì kan náà tí ẹ fi tépù bébà sí lórí ilẹ̀. Ẹ tọ́jú páálí àti fóòmù tó bá ọjà wá, nítorí pé sípíkà tí a fi aṣọ lásán wé ránṣẹ́ kì í sábà dé láìfarapa.

Èmi kò dúró bẹ́ẹ̀. Sípíkà tí mo kọ́kọ́ ní, àwọn tí mo sun twítà wọn lẹ́ẹ̀mejì yẹn, ni mo tà ní ọjọ́ kejì tí mo ra òmíràn, nítorí pé mo gbà pé àwọn ló ń rọ́ ní béèsì. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni mo tó gbé ìjókòó mi kúrò lára ògiri. Mo wá ẹni tó rà wọ́n lọ́wọ́ mi kàn, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé n ó san ju iye tó fún mi lọ, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n dùn lọ́dọ̀ òun, òun kò sì ní tà wọ́n.